Ṣé O Mọ̀? Òwú Tó Wà Lára Bẹ́líìtì Awọ

Ṣé o mọ̀ pé bẹ́líìtì kan wà láyé tó ti tó nǹkan bí 5,300 ọdún? Lára òkú ọkùnrin kan tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ lórí òkè Alps, ní ààlà Austria àti Ítálì, ni wọ́n ti rí i lọ́dún 1991. Ötzi ni wọ́n sọ ọkùnrin náà. Awọ ọmọ màlúù ni bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n sì rán àpò kékeré kan mọ́ ọn. Òkúta mímú wà nínú àpò náà, olú gbígbẹ tí wọ́n fi ń dáná wà níbẹ̀, egungun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan sì wà pẹ̀lú wọn, irú èyí tí a lè fi lu awọ.

Ṣé o mọ̀ pé irú ohun èlò ẹlẹ́nu ṣóńṣó bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń ṣáájú iṣẹ́ awọ rírán títí dòní? Abẹ́rẹ́ kì í dá ihò lu nínú awọ tó nípọn. Irin ló máa kọ́kọ́ la ọ̀nà, abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú á wá tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ bá mú yóò máa gún òwú tó ti wà nínú ihò tẹ́lẹ̀, òwú tí wọ́n bá sì gún kò ní lè fà gírí mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń rán bẹ́líìtì lọ́wọ́, òwú kan ṣoṣo? Abẹ́rẹ́ kan wà ní orí òwú, èkejì wà ní ìdí rẹ̀. Ọ̀kan á gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, èkejì á gba ọwọ́ òsì, wọn á sì kọjá lára ara wọn nínú ihò kan náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rán gàárì ẹṣin ni ọ̀nà yìí ti di olókìkí, nítorí pé gàárì tó bá tú lórí ìrìn lè pa ẹni tó jókòó lé e. Iléeṣẹ́ Hermès ní Paris, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1837 pẹ̀lú ìjánu àti okùn ẹṣin, ṣì ń fi í rán àpò rẹ̀.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yìí ju ti ẹ̀rọ lọ nìyí. Nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, òwú òkè àti òwú ìsàlẹ̀ máa ń kọ́ ara wọn láàárín awọ, ọ̀kan kì í sì í dé apá kejì. Bí ọ̀kan bá já, ojú tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, á sì máa tú lọ díẹ̀díẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọwọ́, bí ojú kan bá já, apá kejì òwú náà ṣì wà nínú ihò yẹn, ó dì í mú ṣinṣin. Ẹwà lásán kọ́ ni òwú yẹn wà fún.

Ṣé o mọ iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń wọ ara bẹ́líìtì kan? Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bẹ́líìtì tó gùn ní mítà 1, tí àlàfo ojú rírán rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 4, yóò ní ihò 250 ní etí kan. Etí méjèèjì á jẹ́ 500. Abẹ́rẹ́ méjì ló sì ń gba inú ihò kọ̀ọ̀kan, ó di 1,000. A ò tíì fọwọ́ kan ọnà tó máa wà láàárín rárá. Nígbà tí o bá ń ná owó bẹ́líìtì lọ́wọ́ ẹni tó fọwọ́ rán an, jọ̀wọ́, ro ti 1,000 yẹn mọ́ ọn.

Òwú ńkọ́? Bí etí bẹ́líìtì bá gùn tó mítà 1, òwú rẹ̀ á tó mítà 3 sí 4. Ìda oyin ni wọ́n fi ń pa á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìda náà ń jẹ́ kí òwú yọ̀ gba inú ihò láì bó, ó ń dì í mú síbi tí wọ́n fà á sí, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè wọ̀ ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fi òwú aláwọ̀ méjì ya ọnà láì lu ihò kún ihò? So òwú funfun mọ́ òwú pupa, kí o wá fi abẹ́rẹ́ méjèèjì rán an bí a ti ṣàlàyé. Ojú kan á yọ funfun, èyí tó tẹ̀ lé e á yọ pupa, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí dópin. Àṣírí kan péré ló wà níbẹ̀: abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé ní ihò àkọ́kọ́ ni kó máa kọ́kọ́ wọlé ní gbogbo ihò yòókù. Bí o bá yí i padà lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ni ojú èèyàn á máa lọ.

Ní Colotlán, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Jalisco ní Mẹ́síkò, wọn kì í lo òwú tí a mọ̀ rárá. Okùn tí wọ́n ha jáde látinú ewé ohun ọ̀gbìn kan tó jẹ́ ìbátan ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn kó funfun, wọ́n á yà á, wọ́n á sì fọwọ́ lọ́ ọ di òwú tẹ́ẹ́rẹ́. Pita ni wọ́n ń pè é. Òun ni wọ́n fi ń rán òdòdó, ẹṣin àti orúkọ ẹni sára bẹ́líìtì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn agẹṣin ibẹ̀ ń wọ̀.

Ti Sarntal tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àfonífojì kan ni, ní apá àríwá Ítálì, kò jìnnà sí Bolzano, ìlú tí wọ́n tọ́jú òkú Ötzi sí. Ìyẹ́ ìrù ọ̀kín ni òwú wọn! Wọ́n á fi ọ̀bẹ la egungun ìyẹ́ náà sí fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á lu ihò sára awọ, wọ́n á sì máa ki fọ́nrán náà bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní láti pa ẹyẹ kankan, nítorí ọdọọdún ni ọ̀kín ń já ìyẹ́ ìrù rẹ̀ sílẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pọ̀ awọ tí àwọn ará Yúróòpù láyé àtijọ́ ń pè ní awọ Mòrókò, ilẹ̀ Hausa ló ti wá? Awọ ewúrẹ́ pupa Sókótó ni. Èso igi bagaruwa ni wọ́n fi ń ṣe é kó má baà jẹrà, pòròpórò ọkà bàbà sì ń kùn ún ní pupa. Ràkúnmí á wá rù ú gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, orúkọ ibi tó gbà jáde ni wọ́n sì fi ń tà á. Heinrich Barth, ará Jámánì tó dé Kánò lọ́dún 1851, ka awọ àti bàtà awọ mọ́ ọjà tí ìlú náà ń kó ránṣẹ́ sí òkèèrè.

Ní Ọ̀yọ́, wo làbà Ṣàngó, àpò awọ tí àwọn àwòrò ń gbé kọ́ èjìká. Wọ́n á pín iwájú rẹ̀ sí ojú mẹ́rin, wọ́n á gé awọ aláwọ̀ mìíràn ní àwòrán, wọ́n á sì rán an mọ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ iṣẹ́ kan náà ni tìmùtìmù àti abẹ̀bẹ̀ awọ. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ń fo irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dá lọ ra bẹ́líìtì tó ń bó. Ṣé o mọ ohun tó ń mú un bó? Àjákù awọ ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n wá fi rọ́bà bo ojú rẹ̀.

Ibi ẹ̀yìn màlúù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ni awọ bẹ́líìtì tó dára ti ń wá. Ti ikùn máa ń nà. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ awọ yìí ló ń bá ọbẹ̀ lọ: lọ́dún 2022, ọ̀gá àgbà NILEST, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria, dábàá pé kí wọ́n fòfin de pọ̀nmọ́ torí èyí.

Bí o bá fẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́líìtì kan fún ọ, má ṣe sọ nọ́ńbà ṣòkòtò rẹ. Mú bẹ́líìtì tí ò ń wọ̀ dání, kí wọ́n wọ̀n ọ́n láti ibi tí awọ ti ṣẹ́ po mọ́ irin títí dé ihò tí o sábà ń lò. Ihò yẹn ló máa wà láàárín márùn-ún tàbí méje, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 síra wọn. Wọn ibi tí bẹ́líìtì ń gbà lára ṣòkòtò rẹ pẹ̀lú, sẹ̀ǹtímítà 3.8 máa ń tó fún jíǹsì. Ní ti nínípọn, awọ ẹyọ kan tó tó mìlímítà 3.5 sí 4 dára, tàbí awọ mìlímítà 2 méjì tí wọ́n rán pọ̀.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń parí rírán rẹ̀? Wọn kì í ta kókó. Wọ́n á rán padà sẹ́yìn gba ihò méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á gé òwú lápá inú, wọ́n á fi iná díẹ̀ kàn án bó bá jẹ́ ọ̀rá, wọ́n á sì fi igi lu ojú rírán náà jẹ́jẹ́ kí ó rì. Bí ó bá já lẹ́yìn ọdún mélòó kan, aránbàtà yóò tú ojú mẹ́ta, yóò ki òwú tuntun bọ inú àwọn ihò àtijọ́, kò sì ní lu ẹyọ kan kún un.