Ìṣirò tí wọ́n fi ń gba èèyàn síṣẹ́: kí ni ọmọ wa ń bá pàdé níbẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń wáṣẹ́ ni. Ìyá ta ata, ó ta ẹ̀fọ́, ó dá èsúsú, ó fi rán ọmọ níwèé títí ó fi gba sátífíkéètì. Ọmọ ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Ilé iṣẹ́ pè é, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n ní kò yege. Ìyá á ní, "Ìwọ tí o gba máàkì gidi nílé ìwé, ta ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí?" Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á máa wá ẹni tó máa bá a gbààwẹ̀, ẹlòmíràn á lọ yá owó fún ẹni tó ní òun mọ ọ̀gá níbẹ̀. Kí owó yẹn tó jáde, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n bi ọmọ.

Àwọn ọmọ ń pè é ní "aptitude test". Ó sábà máa ń ní apá tí wọ́n fi ń wò ó bóyá èèyàn ń ka gẹ̀ẹ́sì yé, ó sì máa ń ní apá ìṣirò. Apá ìṣirò yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà, bẹ́ẹ̀ ìṣirò náà kò le. Ìlọ́po, pínpín, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, èrè àti àdánù, kí èèyàn ka àtẹ iye owó kó sì fa ìdáhùn yọ nínú ẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago ló le. Ìbéèrè kan lè má ní ju ìṣẹ́jú kan lọ, tàbí ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n ń ṣe é? Èrò ló pọ̀. Ẹ ò ní tíì gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2014, tí àjọ Immigration pe àwọn tó ń wáṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri ilẹ̀ wa fún ìdánwò. Lé ní 500,000 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀ fún ipò tí kò tó 5,000, ₦1,000 sì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Èkó níbí, pápá ìṣeré Sùúrùlérè ni wọ́n pè wọ́n sí, ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ó kéré tán èèyàn 16 ló kú, aboyún wà nínú wọn. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn. Nígbà tí èrò bá pọ̀ tó báyìí, agbanisíṣẹ́ á wá ohun tó máa fi dín wọn kù kó tó rí ojú ẹnikẹ́ni, bí a ṣe ń fi ajọ̀ jọ gààrì. Ìṣirò yìí ni ajọ̀ ọ̀hún. Kò sọ pé ọmọ tó ṣẹ́kù sókè jẹ́ olódo.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà wá lẹ́nu. Ní 1985, àwọn olùwádìí mẹ́ta tẹ ìwé jáde nípa àwọn ọmọ tó ń tajà lójú pópó nílùú Recife ní Brazil. Ọmọ márùn-ún ni, ọjọ́ orí wọn wà láàárín 9 sí 15. Wọ́n lọ bá wọn nídìí ọjà bí oníbàárà, wọ́n ní, "Èyí jẹ́ mélòó? Mélòó ni ṣénjì mi?" Nínú ìbéèrè ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ náà gba 98. Wọ́n wá gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn lọ́nà ti ilé ìwé, pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù. Èyí tí wọ́n fi ìtàn sọ, wọ́n gba bí 74. Èyí tó jẹ́ òǹkà lásán, tí kò sí àgbọn tàbí ọsàn nínú ẹ̀, wọ́n gba 37 péré. Ọmọ kan náà, ìṣirò kan náà o!

Nítorí náà, ọmọ tó ti ń dúró tì yín ní ìsọ̀ láti kékeré ti ní ìṣirò yìí lórí. Ohun tó kù ni bó ṣe máa gbé e látorí àtẹ ọjà lọ sórí ìwé, kí aago sì máa ká a mọ́. (A sì ń ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọbìnrin tí à ń rán lọ sí ìsọ̀ ló máa ń yára jù àwọn ọkùnrin tó ń sùn nílé. Ẹ má bínú o.)

Ẹ wo irú ìbéèrè wọn. Wọ́n ra àpò ìrẹsì kan ní ₦80,000, wọ́n tà á ní ₦92,000. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè? Ìyá onírẹsì ní Ojúwòyè mọ̀ pé ₦12,000 lèrè. ₦80,000 tí a fi rà á la ó fi pín in, ìdáhùn jẹ́ 15. Àwọn tó ṣètò ìbéèrè mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ máa fi ₦92,000 pín in, wọ́n á ti kọ 13 sílẹ̀ dè é. Òmíràn: ọjà ₦50,000, wọ́n fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, wọ́n tún yọ 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ á ní ó padà sí ₦50,000. Rárá o. Ó ti di ₦60,000 kí wọ́n tó yọ ọ́, ₦12,000 ni wọ́n máa yọ, ó ku ₦48,000.

Àtẹ òǹkà náà ńkọ́? Wọ́n lè kọ 45 síbẹ̀, kí wọ́n sì fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ sókè pé ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n fi ń kà á. ₦45,000 ni 45 yẹn. Kí ọmọ ka orí àtẹ kó tó ka inú rẹ̀.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń ka owó lédè wa. 45 ni márùndínláàádọ́ta: a lọ sí àádọ́ta, a wá fi márùn-ún padà sẹ́yìn. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ aago. Ká ní wọ́n bi í pé kí ni 19.8 nínú ọgọ́rùn-ún 4,985, wọ́n sì fún un ní 493, 987, 1,197 àti 1,495 kó mú ọ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lẹ́sẹẹsẹ, aago á lé e bá. Kó lọ sí 20, kó lọ sí 5,000. Ìdá kan nínú márùn-ún ni, 1,000. A ti fi díẹ̀ lé e, nítorí náà ìdáhùn gbọ́dọ̀ dín díẹ̀ sí 1,000. 987 ni.

Ó kéré tán, kí ọmọ fi oṣù kan múra, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, kó gbé aago fóònù síwájú, kó má fọwọ́ kan kálíkúlétọ̀, torí ibòmíràn kì í gbà á. Àwọn ìwé ìbéèrè àtijọ́ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé ní Yaba, ṣùgbọ́n kó máa yẹ ìdáhùn inú rẹ̀ wò fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ lè má tọ̀nà. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò yìí fún àwọn ilé iṣẹ́, bí SHL ti Ìlú Ọba, máa ń gbé àpẹẹrẹ ọ̀fẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin náà, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an lọ lọ ata. Tó bá di alẹ́, ẹ gbé ìwé gbèsè yín fún un kó ro ó.

Ẹni tó bá ní òun ní ìbéèrè àti ìdáhùn fún títà, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ ń ṣa ìbéèrè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà náà kò sì yẹ kó dẹ́rù bà wọ́n mọ́, orí rẹ̀ ni JAMB wà pátápátá láti 2015. Lọ́jọ́ náà, kó ka ìlànà dáadáa, bóyá wọ́n ń yọ máàkì fún ẹni tó bá ṣì í, bóyá èèyàn lè padà sí ìbéèrè tó fò. Èyí tó bá le, kó fò ó.

Ẹ bi í léyìí lálẹ́ òní, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni kẹ́ ẹ fún un: ìyá kan ra agbọ̀n tòmátò mẹ́jọ, ₦45,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì bàjẹ́ lọ́nà. Èló ni kó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fà tó kù, kó lè jèrè 20 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó ná? Tó bá ní ₦54,000, ó ti gbàgbé agbọ̀n méjì tó bàjẹ́. ₦72,000 ni.