Ta Ló Láṣẹ Lójú Títì Wa?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa la rí i pé àwọn dánfó ti sọ ẹnu géètì wa di gáréèjì. Àwọn ọmọ JSS 1 ò rọ́nà sọdá mọ́. Ta ni ká wá lọ bá? Mo yẹ òfin wò, ohun tí mo rí nìyí.

Ní Èkó, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣe òfin ìrìnnà. LASTMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2000, ló ń rí sí i pé wọ́n tẹ̀ lé e: àwọn ló ń darí ọkọ̀, àwọn ló sì ń mú ẹni tó bá rú òfin. FRSC ní tiwọn, ìjọba àpapọ̀ ló dá wọn sílẹ̀ ní 1988. Ọ̀nà márosẹ̀ la ti sábà máa ń rí wọn.

Kí wá ni iṣẹ́ káńsù? Ìwé òfin 1999 fi àbójútó gáréèjì àti ọjà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní káńsẹ́lọ̀ tiẹ̀. Tí àbá òfin bá délẹ̀, àwọn káńsẹ́lọ̀ á jiyàn lé e lórí, wọ́n á fẹnu kò, kí alága tó buwọ́ lù ú.

Nítorí náà, tí awakọ̀ kan bá dínà, LASTMA la máa pè. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń pe èrò lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ káńsù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà sí káńsẹ́lọ̀ wa, kí àwọn tíṣà bá wa fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.