Iye Kò Lópin, Ìwọ̀n Lópin: Bí Zémíjàn Kan Ṣe Ń Bá Èkejì

Ohun tí ó fa iṣẹ́ yìí ni àpólà kan, somme infinie, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n fi Faransé kọ́ ìṣirò mọ̀ dáadáa. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí "àpapọ̀ aláìlópin", ìtumọ̀ méjì ni ó lè ní. Ó lè jẹ́ pé àpapọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni kò lópin. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ohun tí a ń rò pọ̀ ni kò lópin. Mo fẹ́ fi hàn pé gírámà Yorùbá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti ojú títì Kùtọnu. Ká ní zémíjàn kan gbé èrò ní ọjà Dantokpa, ó gba orí afárá kọjá sí Akpakpa, ó forí lé ọ̀nà Àjàṣẹ́. Nígbà tí ó ti fi kìlómítà 2 síwájú ni a rí i pé èrò náà gbàgbé àpò. Zémíjàn kejì gbé àpò náà sáré tẹ̀lé e. Ti iwájú ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan; ti ẹ̀yìn ń sá 40. Ìgbà wo ni yóò bá a?

Ní ìgbésẹ̀ kìíní, ti ẹ̀yìn fi ìṣẹ́jú 3 sá kìlómítà 2, ó dé ibi tí ti iwájú wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti fi kìlómítà 1 síwájú. Ìgbésẹ̀ kejì gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ó tún ku ìdajì kìlómítà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì èyí tí ó ṣíwájú rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ ìkẹyìn. Irú ọ̀wọ́ yìí ni Faransé ń pè ní série géométrique. Irú ìrònú yìí ni Zeno, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì, fi jiyàn ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi pé Achilles eléré sísá kò lè bá ìjàpá láé.

Ẹ jẹ́ kí a pe gbogbo àkókò náà ní A. A jẹ́ ìṣẹ́jú 3 àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìyókù. Ṣùgbọ́n ìyókù náà kò ju ìlépa kan náà tí a dín kù sí ìdajì: A = 3 + A/2. Bí ìyókù bá jẹ́ ìdajì A, ìṣẹ́jú 3 ni ìdajì kejì. A jẹ́ ìṣẹ́jú 6. Ní ìṣẹ́jú 6, ti ẹ̀yìn ti sá kìlómítà 4. Ti iwájú ti fi 2 lé 2 tí ó ti lọ tẹ́lẹ̀. Ó bá a. Àmọ́ bí eré wọn bá dọ́gba, àlàfo náà kò ní dín, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò máa gba àkókò kan náà, àpapọ̀ wọn kò sì ní lópin ní tòótọ́.

Ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀. "Ìgbésẹ̀ mélòó ni?" Kò lópin. "Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó?" Ìṣẹ́jú 6. Mélòó ń béèrè iye. Tó ń béèrè ìwọ̀n. Combien ni Faransé ń lò fún méjèèjì. Lóòótọ́, a máa ń sọ pé "ìṣẹ́jú mélòó", ṣùgbọ́n nígbà náà a ti dárúkọ ẹyọ tí a fẹ́ kà.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí a máa sọ pé "àpapọ̀ àwọn ìgbésẹ̀ tí iye wọn kò lópin". Ọ̀pọ̀ ni arọ́pò-orúkọ wọn. Kò lè tọ́ka sí àpapọ̀, àwọn ìgbésẹ̀ nìkan ni ó lè tọ́ka sí. "Aláìlóǹkà" kò bá a mu, nítorí a lè ka àwọn ìgbésẹ̀ náà ní kìíní, kejì, kẹta, láìdúró.

Láti 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Babatunde Fafunwa, fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Bí a bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé ìpele gíga, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ni a nílò. Awẹ́-gbólóhùn kan tí a tò dáadáa lè gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ àṣìlóye tí ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan kò lè mú kúrò.