Owó Kànga Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ Sílé



Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, iṣẹ́ ìtọ́jú ẹbí tí mò ń ṣe gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Thamesmead West. Ó fi àwòrán kànga ẹlẹ́rọ hàn mí, èyí tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ́ fún ìyá wọn ní abúlé kan nítòsí Iléṣà. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wo bí omi náà ti mọ́ gaara. Òun ni àwọn ọmọ mi yóò máa mu bí a bá lọ sílé ní oṣù keje.” Mo bi í bóyá wọ́n ti yẹ omi náà wò. Ó ní ẹni tí ó gbẹ́ ẹ tọ́ ọ wò, ó sì dùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 2021 ni góòlù àkọ́kọ́ jáde ní Segilola, ibi ìwakùsà ńlá tí a là sílẹ̀ gbalasa láti òkè. Àwọn awakùsà kéékèèké sì wà káàkiri agbègbè náà ṣáájú. Nígbà tí odò Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn èrò ọdún Ọ̀ṣun má ṣe mu omi rẹ̀. Ti odò, ojú rí i. Ti abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́?

Bí kòtò kùsà bá jìn kọjá ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ wà, wọn a máa fi ẹ̀rọ fa omi náà jáde, kànga àwọn ará abúlé a sì lè fà tàbí kí ó gbẹ. Òkúta tí ó ti wà nínú òkùnkùn láti ayébáyé yóò wá bọ́ sí afẹ́fẹ́ àti òjò. Bí imí ọjọ́ bá wà nínú rẹ̀, omi tí ó bá gba ara rẹ̀ kọjá a lè kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, kí ó sì máa yọ́ òjé àti àásẹ́níìkì lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sábà sáré. Ohun tí ó wọ inú rẹ̀ lónìí lè má dé kànga yín títí di ọdún mélòó kan.

Nítorí èyí ni àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò fi tó. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà a máa gbẹ́ kànga àyẹ̀wò sí apá ibi tí omi ti ń bọ̀ àti apá ibi tí ó ń lọ. Wọn a bu omi wọn kí ìwakùsà tó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ilẹ̀ mìíràn ní oró tiwọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Wọn a kọ́kọ́ wọn jíjìn omi, wọn a fa èyí tí ó ti sùn nínú páìpù dànù, wọn a wọn kíkan rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọn a sì gbé ìyókù lọ sí ilé àyẹ̀wò nínú yìnyín.

Ìwọ̀n òjé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààyè gbà nínú omi mímu kò ju gíráàmù kan ṣoṣo nínú 100,000 lítà lọ. Bákan náà ni ti àásẹ́níìkì. Ahọ́n wo ni ó lè tọ́ ìyẹn wò? Omi sísè pàápàá (èmi náà gbára lé e fún ọdún pípẹ́) a máa pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í lé òjé lọ. Ńṣe ni òjé ń kì sí i bí omi ti ń gbẹ nínú ìkòkò. Ara ọmọdé ni òjé sì ń bà jẹ́ jù. Ní Zamfara ní 2010, ó ju 400 ọmọdé lọ tí òjé pa níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù nínú agbo ilé. Eruku ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀, n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀ṣà rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí à ń gbé. Ilẹ̀ Royal Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà títí di 1967, ni Thamesmead West. Tump 53 tí àwọn ọmọ wa ti ń wo pẹ́pẹ́yẹ, ilé ìpamọ́ ohun ìjà ni tẹ́lẹ̀. Lónìí, kánsù kì í jẹ́ kí a kọ́lé sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyẹ ilẹ̀ náà àti omi abẹ́ rẹ̀ wò. Òfin wà nílé pẹ̀lú: Òfin Ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007 béèrè àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ náà yóò ní lórí àyíká, àti àdéhùn láàárín ilé iṣẹ́ àti àwọn ará ìlú. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ ń dáwó sí níhìn-ín lè kọ̀wé sí baálẹ̀ pé kí àbájáde àyẹ̀wò omi wà nínú àdéhùn náà, kí a sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn ìlú.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta náà ti fi owó àyẹ̀wò ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó kọ ọjọ́ sára ìgò. Àbájáde ti dé: òjé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àásẹ́níìkì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwọ̀n. Wọn yóò bu ti àkókò òjò ní oṣù kẹfà. Oṣù keje ni ọkọ̀ òfurufú wọn yóò gbéra.