Irinṣẹ́ Fídíò tí Apá Mẹ̀kúnnù Ká: Ọgbọ́n láti Ọjà Kantamanto

Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, iná ńlá sọ ní ọjà Kantamanto ní Accra, olú-ìlú Ghana. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún oníṣòwò ni ó pàdánù ìsọ̀ àti ọjà wọn. Fídíò tí a fi fóònù yà wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn tí ó wà ní òkèèrè rí bí ìparun náà ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò tún ìsọ̀ wọn kọ́, tí ọjà sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Aṣọ òkìríkà ni Kantamanto fi lókìkí. Láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti ibòmíràn ni aṣọ wọ̀nyí ti ń wọlé ní ìdì-ìdì. Àwọn tí ń sọ èdè Akan ń pè é ní obroni wawu, èyí tí ó túmọ̀ sí pé òyìnbó ti kú. Ṣùgbọ́n aṣọ òkú yìí ń jí dìde níbẹ̀, nítorí pé àwọn aránṣọ ń tú u, wọ́n ń pa á láró, wọ́n sì ń rán an di aṣọ mìíràn. Lóde òní, ẹni tí ó bá rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní láti jókòó kí ó máa retí oníbàárà tí yóò kọjá níwájú ìsọ̀. Ó lè ya fídíò rẹ̀, kí ó sì fi í sí Instagram tàbí TikTok, kí ará Kumasi àti ará London lè rí i. Àwọn mìíràn sì wà tí kì í ṣe nítorí ọjà ni wọ́n fi ń ya fídíò, bí kò ṣe fún ìgbádùn ara wọn.

Fídíò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà kò yàtọ̀ sí aṣọ tí a kò tíì gé. A ní láti gé ibi tí kò wúlò kúrò, kí a so ìyókù pọ̀, kí a sì fi ohùn àti ọ̀rọ̀ sí i. Iṣẹ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́ sinimá ń pè ní ẹ́díìtì, sọ́fúwíà ni a sì fi ń ṣe é. Sọ́fúwíà wọ̀nyí pọ̀ lọ jàra, olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ni ó sì ń sọ pé tòun ni ó dára jù. Èwo ni ẹni tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò yàn tí kò ní kábàámọ̀?

Ẹni tí ó bá mọ òwò Kantamanto yóò mọ ibi tí ewu wà. Oníṣòwò a máa san owó ìdì aṣọ kí ó tó tú u, bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá sì jẹ́ àkísà, òun ni ó gbé gbèsè náà. Ẹni tí ń yan sọ́fúwíà kò ní láti fara da irú ìyà bẹ́ẹ̀, nítorí pé a lè dán ọ̀pọ̀ nínú wọn wò kí a tó san kọ́bọ̀. Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ó yẹ̀ wò: agbára ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀nà tí owó yóò gbà jáde, bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti rí nígbà tí ó bá parí, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni sọ́fúwíà gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Accra, gẹ́gẹ́ bí ti Èkó àti Ìbàdàn, ni ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà àlòkù tàbí fóònù nìkan ni wọ́n ní. DaVinci Resolve ti ilé-iṣẹ́ Blackmagic Design ní Australia ní ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ ńlá pàápàá ń lò, ṣùgbọ́n ó wúwo. Kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò bá tó 16 gígábáìtì yóò máa mí gúlegúle lábẹ́ rẹ̀. Shotcut àti Kdenlive fúyẹ́ jù ú lọ, 8 gígábáìtì sì tó láti fi wọ́n ṣe fídíò tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọgbọ́n kan tún wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: a lè jẹ́ kí sọ́fúwíà ṣe ẹ̀dà kékeré láti ara fídíò, kí a fi ẹ̀dà náà ṣiṣẹ́, kí sọ́fúwíà sì padà sí ojúlówó nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Èyí ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kò lágbára gbé iṣẹ́ tí ó jù ú lọ.

Ní ti owó, ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà. Àwọn kan jẹ́ ti ọ̀fẹ́ pátápátá, bí i Kdenlive, Shotcut àti OpenShot, nítorí pé àwọn tí ó ṣe wọ́n yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni lò wọ́n, kí ó tún wọn ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn ni a ń san owó wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yà Resolve tí a ń tà, nǹkan bí 300 dọ́là ni. Ẹ̀kẹta ni owó oṣooṣù, ọ̀nà tí Adobe, tí ó ni Premiere, mú pọ̀n ní ọdún 2013. Bí a bá ń san 20 dọ́là lóṣù, ó di 240 lọ́dún, ó sì di 720 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Dọ́là sì ni, kì í ṣe sídì. Ní ọdún 2022, nígbà tí iye sídì já wálẹ̀ gidigidi, ẹni tí ń san irú owó bẹ́ẹ̀ ní Ghana rí i pé gbèsè òun ń pọ̀ sí i, bí ẹni tí ó ta ọjà kò tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Ọ̀fẹ́ pàápàá ní oríṣi. Áàpù fóònù mìíràn yóò jẹ́ kí a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n yóò lẹ àmì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ojú fídíò, yóò sì bèèrè owó kí ó tó yọ ọ́. Nítorí náà, kí ènìyàn kọ́kọ́ ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó gbé e jáde ní MP4 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè kà, kí ó sì wo bí ó ti rí, kí ó tó fi ọkàn sí áàpù náà.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ni ó kù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 kan náà, CapCut ti ilé-iṣẹ́ ByteDance dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí òfin tí ìjọba ibẹ̀ ṣe. Àwọn tí iṣẹ́ wọn wà nínú rẹ̀ rí i pé ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni lè tì nígbàkígbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojúlówó fídíò rẹ̀ sínú áàpù nìkan. Kí ó ní ẹ̀dà kan nínú dírááfù, kí ó sì ní òmíràn ní ibi tí kò sí nínú ìsọ̀, nítorí pé iná tí ó jó aṣọ lè jó dírááfù pẹ̀lú.

Ìdẹwò kan tún wà tí ó yẹ kí a kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan a máa ta sọ́fúwíà olówó ńlá tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Òfin kò fàyè gbà á, fáírọ́ọ̀sì sì sábà máa ń fara pamọ́ sínú irú rẹ̀. Kí ni ènìyàn ń wá lọ nínú èyí tí a jí, nígbà tí ojúlówó tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà nílẹ̀?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé irinṣẹ́ tí kò wọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ gidi. Ní ọdún 1987, William Akuffo fi ẹ̀rọ fídíò VHS ṣe Zinabu ní Ghana, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣí ọ̀nà sinimá fídíò ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ Kaduna tí a mọ̀ sí The Critics Company di ẹni tí ayé ń sọ̀rọ̀ nípa wọn nítorí fíìmù kéékèèké tí wọ́n fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ yà.

Kí ẹni tí ó ní fóònù nìkan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú áàpù ọ̀fẹ́ tí kì í fi àmì sí iṣẹ́. Kí ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ mú Shotcut tàbí Kdenlive. Kí ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ lágbára gbìyànjú Resolve. Ìgbà tí iṣẹ́ bá ń mú owó wọlé ni ó tó láti bẹ̀rẹ̀ sí ronú ohun tí a ó máa san owó lé lórí. Aránṣọ Kantamanto kì í ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí yóò jẹ èrè rẹ̀ tán. Ẹni tí ń ṣe fídíò náà kò gbọdọ̀ ra sọ́fúwíà tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀.