Bí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe di ohun tí Google san mílíọ̀nù 44 dọ́là lé lórí

Bí ọmọ yín tó wà ní yunifásítì bá sọ pé iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí wọ́n ń pè ní AI, lòun fẹ́ kọ́, ẹ má tíì bínú pé kò fẹ́ bá yín dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbọ́ ti Alex Krizhevsky ná.

Lọ́dún 2012, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Yunifásítì Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ó mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Geoffrey Hinton, tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2024, ni ọ̀gá rẹ̀. Òun àti Ilya Sutskever, tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, wọ ìdíje ImageNet, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń wo àwòrán, tí yóò sì sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Bí ọ̀gá télọ̀ ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́ ni wọ́n ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà náà. Kò sẹ́ni tó ń ka òfin fún ọmọṣẹ́ kó tó mọ àǹkárá yàtọ̀ sí léèsì. Bó bá ṣì í, wọ́n á tọ́ ọ sọ́nà, títí ojú rẹ̀ á fi là. Àwòrán tó lé ní mílíọ̀nù kan, tí èèyàn ti kọ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n fi hàn án. Bó bá ṣì í, ètò náà á tún ìṣirò inú rẹ̀ ṣe díẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ló gbà.

Irinṣẹ́ wọn ló yà mí lẹ́nu jù: káàdì méjì tí àwọn tó ń ta géèmù lórí kọ̀ǹpútà máa ń rà, nínú yàrá Krizhevsky nílé àwọn òbí rẹ̀! Bí wọ́n tiẹ̀ gba kọ̀ǹpútà láàyè láti dárúkọ nǹkan márùn-ún fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ṣe ipò kejì ṣì bíi 26 nínú 100. Tiwọn ò ju bíi 15 lọ.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀, DNNresearch, tí kò ní ọjà kankan lórí àtẹ. Wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní December ọdún yẹn. Microsoft du ú, Baidu ti China náà du ú, Google ló gbà á.

Ohun tí ètò náà fi gbọ́n ni àpẹẹrẹ tó lórúkọ, irú rẹ̀ sì lè wà nínú ìwé ọjà yín. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lè fi àkọsílẹ̀ ọdún mélòó kan dánra wò, kó mọ ọjà tó máa ń tán kí Iléyá tó dé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "ọjà, 5,000" nìkan lẹ ń kọ, láìsí irú ọjà, láìsí ọjọ́ tí ẹ tà á, kò sóhun tí kọ̀ǹpútà máa rí kọ́ níbẹ̀.