Ìbọn ṣọ́jà tí wọ́n ń ṣe nílé: Ibo ni owó wà fún oníṣẹ́ irin Mushin?

Ní Mushin, pàápàá lágbègbè ọjà Ládípò, ẹ̀yà ọkọ̀ tó bá bàjẹ́, tí èyí tuntun rẹ̀ sì wọ́n, àwọn oníṣẹ́ irin máa ń fi ẹ̀rọ lathe gbẹ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní báyìí tí ìjọba àpapọ̀ ní òun fẹ́ kí ohun ìjà ológun máa ti ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà jáde, ǹjẹ́ irú àwọn wọ̀nyí lè rí tiwọn níbẹ̀?

Kaduna ni DICON, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, wà. Ọdún 1964 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Fritz Werner láti Jámánì ló sì bá ìjọba gbé e dìde. Ibẹ̀ ni NR1 ti jáde, tó jẹ́ ẹ̀dà ìbọn FAL ilẹ̀ Belgium, àti OBJ-006 tó jọ AK-47, tí wọ́n fi orúkọ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sọ.

Ìbọn tí ṣọ́jà fi ń yìn láti ọ̀nà jíjìn yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ kí ọta mìíràn tó wọlé. Lójú lásán, ó rọrùn ju AK lọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí kò tó fọ́nrán irun lè mú kí ọta tàsé tó bá rìn jìnnà. Pípé ni wọ́n ń rà, kì í ṣe irin.

Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ kékeré fi lè rọ́wọ́ mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn díẹ̀ dá Accuracy International sílẹ̀ lọ́dún 1978. Malcolm Cooper, tó gba góòlù ìbọn yíyìn ní Òlíńpíìkì 1984 àti 1988, wà lára wọn. Ìbọn wọn ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú láàrin àwọn ọdún 1980, tí wọ́n pè ní L96. Síbẹ̀, lọ́dún 2005, iléeṣẹ́ náà wọ gbèsè, àfìgbà tí àwọn mìíràn rà á. Orúkọ rere nìkan kì í san owó oṣù.

Kí oníṣẹ́ irin tètè mọ̀ pé òfin ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó máa ṣe ìbọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù fún un. Ọ̀nà tó ṣí ni òfin DICON tuntun, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ó fún DICON láyè láti bá iléeṣẹ́ aládàáni da owó àti iṣẹ́ pọ̀, ó sì ní kó máa bójú tó àwọn tó bá fẹ́ ṣe ohun ìjà.

Ẹni tó bá fẹ́ kan irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ní láti múra sílẹ̀ láti òní. Kó forúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, kó ra ohun ìwọ̀n tó péye, kó máa kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sílẹ̀. Yaba Tech, tó ti wà láti ọdún 1947, kò jìnnà fún ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ kàwé kún un. Ẹni tó lè gbẹ́ ẹ̀yà ẹ̀rọ mẹ́wàá, tí wọn kò sì fi ohunkóhun yàtọ̀ síra, yóò rí oníbàárà, bí DICON pè é, bí kò pè é. Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.